Ilé-ìwé wo ló dáa jù? Àríyànjiyàn tó ti pẹ́ l'Ékòó

Bóyá inú dáńfó lẹ ti ń gbọ́ mi, bóyá ẹ ń fọ abọ́ lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ fi ọmọ wọn sí JSS1. Ilé-ìwé aládàáni méjì ló wà nílẹ̀. Èkíní ní bọ́ọ̀sì, ó ní ibi ìlúwẹ̀ẹ́, ó sì ní pátákó ńlá kan lẹ́nu géètì tí wọ́n kọ èsì WAEC sí gàdàgbà. Èkejì ò ní ju ilé alájà kan àti igi máńgòrò kan lọ. Owó táàmù kan ní ti àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ọdún kan gbáko ní èkejì. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní àkọ́kọ́ ni, àbí a ò rí èsì tó wà lára pátákó ni? Màmá wa ní kò sẹ́ni tó kọ́ àwọn ní ìlúwẹ̀ẹ́ tí àwọn fi di nọ́ọ̀sì. Lórí WhatsApp ẹbí, ọ̀rọ̀ di iṣu ata yán-an yàn-an. Ni ẹ̀gbọ́n mi bá pè mí: "Ìwọ tó o máa ń ka ìtàn kiri, báwo làwọn ará ìgbà yẹn ṣe ń mọ èyí tó dáa?"

Mo wá a lọ. Ohun tí mo rí rèé.

Oṣù kẹfà ọdún 1859 ni Àlùfáà Thomas Babington Macaulay, ọkọ ọmọ Àjàyí Crowther, ṣí CMS Grammar School l'Ékòó, ilé-ìwé girama àkọ́kọ́ nílẹ̀ tí a wá ń pè ní Nàìjíríà. Ọmọ mẹ́fà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Oníṣòwò kan, Captain J.P.L. Davies, ló gbé £50 kalẹ̀ fún ìwé àti ohun èlò. Ẹ kíyè sí i pé ìjọba ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ó ku ọdún méjì kí Gẹ̀ẹ́sì tó gba Èkó. Ìjọ ló dá a sílẹ̀, oníṣòwò ló náwó sí i. Ìyẹn ni pé aládàáni ló bẹ̀rẹ̀ girama fún wa. Nígbà tí Methodist Boys' High School dé ní 1878, òbí tó bá lówó lọ́wọ́ ti lè máa fi ọ̀kan wé èkejì.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, ní 1882, Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin ẹ̀kọ́ fún àwọn ìlú tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní 1887, wọ́n ṣe ti Èkó lọ́tọ̀. Òfin yìí so owó ìrànlọ́wọ́ mọ́ ìdánwò. Alábẹ̀wò á wá, á dán àwọn ọmọ wò, bí wọ́n bá ṣe mọ̀ ọ́n sí ni owó ilé-ìwé ṣe máa pọ̀ sí. Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, kí ni tíṣà máa kọ́ ọmọ nírú ìgbà bẹ́ẹ̀? Ohun tí alábẹ̀wò máa bi í ni. Pátákó tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ń tọ́ka sí yẹn, baba ńlá rẹ̀ nìyẹn.

Ní 1909, ìjọba ṣí King's College pẹ̀lú ọmọ mẹ́wàá. Queen's College tẹ̀lé e ní 1927. Bí ọdún ṣe ń lọ, ti ìjọba ló wá di èyí tí gbogbo òbí ń lé, torí pé ìdánwò ni wọ́n fi ń ṣa ọmọ wọlé. Ṣùgbọ́n bí ilé-ìwé bá ti ṣa àwọn tó mọ̀wé jù lẹ́nu ọ̀nà, nígbà tí èsì bá wá dára, ta ló ni ògo? Ẹ fi ìbéèrè yìí sápò ná, a máa padà síbẹ̀.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ti 1980. Lateef Jakande ti di gómìnà Èkó ní October 1979. Ọmọ pọ̀ ju kíláàsì lọ nígbà yẹn. Àwọn kan ń lọ láàárọ̀, àwọn míì ń lọ lọ́sàn-án. Jakande ní èyí gbọ́dọ̀ dópin. Wọ́n kọ́ kíláàsì wìtìwìtì, àwọn alátakò ní ilé adìẹ ni wọ́n kọ́, àmọ́ ọmọ ríbi jókòó. Ó wá di March 1980, ìwé jáde látọ̀dọ̀ ìjọba: tó bá fi máa di September, kò gbọdọ̀ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni kankan mọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ká sòótọ́, ó yé mi. Bí ọmọ ọ̀gá àti ọmọ dírẹ́bà bá jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, ọ̀gá ò ní jẹ́ kí bẹ́ǹṣì yẹn kán. Ṣùgbọ́n òbí tó rí i pé bẹ́ǹṣì ti kán tẹ́lẹ̀, kí ló fẹ́ ṣe?

Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Olúbùnmi Okogie àti àwọn míì gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé ẹjọ́. Ibi tí wọ́n rọ̀ mọ́ ni abala 36 nínú ìwé òfin 1979, tó fún ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ láti ní ohun tí yóò fi tan ìmọ̀ àti èrò kálẹ̀. Ṣé ilé-ìwé wà lára irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní ó wà níbẹ̀. Bí aládàáni ṣe rí ibi dúró sí nìyẹn. (Irú abala yẹn ṣì wà nínú òfin 1999, ó ti di abala 39. Èmi tí mo gbé máíkì dání yìí àti ìyá tó ń ṣe nọ́sìrì nínú yàrá méjì ládùúgbò yín, abẹ́ rẹ̀ la jọ sá sí.)

Nígbà tí wọ́n wá ka ilé-ìwé aládàáni l'Ékòó ní 2010 sí 2011, 12,098 ni wọ́n bá. Òbí ti gba ẹ̀tọ́ láti yàn, kò sì sẹ́ni tó fún wọn ní nǹkan tí wọ́n máa fi yàn. Ohun tí ojú bá rí ni wọ́n ń dì mú: bọ́ọ̀sì, yunifọ́ọ̀mù, òyìnbó tí ọmọ ń sọ, pátákó.

Pátákó yẹn gan-an ni mi ò gbà gbọ́. Níbi tí mo ti ka girama, tíṣà ìṣirò mẹ́rin ló kọ́ wa lọ́dún kan, nítorí wọn kì í rówó oṣù gbà. Wọ́n ní kí àwọn tí ò mọ̀wé nínú wa lọ kọ WAEC níbòmíì. Ẹ mọ ibòmíì yẹn, níbi tí ìdáhùn ti máa ń dé kí ìbéèrè tó dé. Lọ́dún náà, pátákó wa dán bíi dígí. Ìdí nìyí tí mo fi sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ìbéèrè méjì péré ni kí wọ́n lọ bi ilé-ìwé méjèèjì: ọmọ mélòó ló wọ JSS1, mélòó nínú wọn ló kọ WAEC níbí? Tíṣà ìṣirò yín, ó ti lo ọdún mélòó?

Níbi àkọ́kọ́, wọ́n fún ẹ̀gbọ́n mi ní ìwé aláwọ̀ mèremère, wọ́n ní fọ́ọ̀mù máa tán lọ́jọ́ Friday. Níbi kejì, màmá tó ni ibẹ̀ wá rẹ́jísítà àtijọ́ jáde, wọ́n jọ kà á lábẹ́ igi máńgòrò. Mọ́kànlélógójì ló wọlé, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló kọ WAEC níbẹ̀. Mẹ́sàn-án ò yege nínú ìṣirò, màmá ò sì fi pa mọ́. Tíṣà ìṣirò ti lo ọdún mọ́kànlá.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní mẹ́sàn-án ti pọ̀ jù. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn ò tíì mọ iye tó wà ní ti àkọ́kọ́. Ọ̀túnla ni Friday, wọn ò tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni. Tí mo bá ti gbọ́ ibi tó já sí, ẹ máa gbọ́ lẹ́nu mi. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.