Ọ̀fọ̀ Ẹni tí Kò Kú

Bí a bá rí i tí àwọn ènìyàn péjọ láti bá òbí kẹ́dùn ọmọ nílẹ̀ Yorùbá, ọmọ náà ti lọ ni. Ṣùgbọ́n mo ti jókòó rí nínú iyàrá kan tí a ti ń kí ìyá kan pé ‘ẹ kú àmúmọ́ra’, tí àwọn obìnrin ń nu ojú, tí ọmọ tí a ń torí rẹ̀ sunkún sì wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ wa, tí ó ń to ìdérí ìgò ní ẹsẹẹsẹ. Kì í fẹ́ẹ́ wojú ẹni, ọ̀rọ̀ kò sì tíì yọ lẹ́nu rẹ̀. Ọ́tísíìmù ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ ìtàn àwọn tí ó kọ irú ìkíni bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ojú sì tì mí.

Ní 1943, Leo Kanner, oníṣègùn ọpọlọ àwọn ọmọdé ní Baltimore, kọ̀wé nípa irú ọmọ báyìí mọ́kànlá. Nígbà tí ó yá, àwọn ọ̀mọ̀wé di ẹ̀bi ru ìyá: wọ́n ní ìyá tí kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ dénú ni ó sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Bruno Bettelheim ti Chicago tẹnu mọ́ èyí nínú ìwé rẹ̀ ti 1967. Ìkà gbáà ni ọ̀rọ̀ náà! Bernard Rimland, tí òun náà bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ti fi ìwé ta kò ó ní 1964, òun àti àwọn òbí mìíràn sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1965. Díẹ̀díẹ̀ ni ìyá bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn. Ṣùgbọ́n òbí ni ó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ìbànújẹ́ òbí ni a sì ń gbọ́.

Àwọn ọmọ dàgbà. Ní 1992, Jim Sinclair, Donna Williams àti Kathy Grant, ọlọ́tísíìmù ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, dá Autism Network International sílẹ̀. Ní 1993, Sinclair bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ ní àpérò kan ní Toronto, ní Kánádà. Ó ní ọmọ tí wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ kò fìgbà kan wà, ọmọ tí wọ́n fojú inú wò ni. Èyí tí wọ́n bí wà láàyè, ó ń retí wọn. Kò ní kí wọ́n má sunkún àlá tí kò ṣẹ. Kí wọ́n má ṣáà sun ẹkún náà lé ọmọ lórí.

Àwọn òbí mìíràn kò gbà. Wọ́n ní ẹni tí ó lè dúró níwájú èrò sọ̀rọ̀ kò lè ṣe agbẹnusọ fún ọmọ tí ń forí gbá ògiri lóru. Ọ̀rọ̀ náà wúwo, n kò ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn, àríyànjiyàn náà kò sì tíì tán. Àmọ́ Sinclair fúnra rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ títí ó fi di ọmọ ọdún 12.

Ní 1996 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpàgọ́ tiwọn, Autreat. Níbẹ̀ nígbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ a máa fi káàdì kọ́ àyà. Bí ó bá kọ ojú pupa rẹ̀ síta, kí ẹnikẹ́ni má bá a sọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè, ojúlùmọ̀ rẹ̀ nìkan ni kí ó sún mọ́ ọn. Ẹ wo irú òfin yìí nílẹ̀ wa, níbi tí àìkíni ti ń dá ìjà sílẹ̀! Ọmọ onídèérí ìgò yẹn ni ó sọ sí mi lọ́kàn. Lọ́jọ́ náà, gbogbo àgbà tí ó wọlé ni ó fà á dìde pé kí ó dọ̀bálẹ̀ kí àwọn. Èmi ni mo kọ́kọ́ fà á.