Lílé Àlùjọ̀nnú Jáde: Omi, Àdúà àti Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kan ilé púpọ̀, ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun yìí títí dé Ìlobùú àti Ìfọ́n: ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n ní àlùjọ̀nnú ń bá jà.

Kí Ìmàle tó dé, àwọn baba wa ní ọ̀nà tiwọn. Ọmọ tí wọ́n bá pè ní àbíkú, wọn a so ṣaworo mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, wọn a sín in ní gbẹ́rẹ́, wọn a sọ ọ́ ní Málọmọ́, kí ẹgbẹ́ rẹ̀ lè fi í sílẹ̀. Eégún ni wọ́n gbà pé ó ń gbé àrùn jáde nílùú. A ò lè ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ìlú onílù ni wá, ọ̀pọ̀ ọmọ Àyàn tó ń lu bàtá ló ń kírun pẹ̀lú wa.

Àwọn Páàdì ní ìwé ètò tiwọn láti 1614 ní Róòmù. Nítòsí wa níhìn-ín, ní Iléṣà, èrò wọ́ tọ Joseph Ayọ̀ Babalọlá lọ ní 1930, wọ́n ń gbé omi wá kí ó gbàdúrà sí i. Omi náà ni! Àwa àáfà ńkọ́? Ṣebí omi la fi ń fọ wàláà tí a fi ń ṣe hàǹtú.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Ìyá wa Áíṣà sọ pé tí ó bá fẹ́ sùn, yóò ka Kul huwallahu, Falaki àti Nasi sí àtẹ́lẹwọ́, yóò fi pa ara. Ó wà nínú Bukhari pé obìnrin kan tí wárápá ń ṣe wá bá a pé kó ṣàdúà fún òun. Ó ní kó yan ọ̀kan: sùúrù, kí Àlùjánnà jẹ́ èrè rẹ̀, tàbí àdúà ìwòsàn. Ó yan sùúrù. Ó kàn bẹ̀bẹ̀ pé kí ara òun má máa ṣí sílẹ̀ bó bá gbé òun. Ànábì sì ṣàdúà yẹn fún un. Ẹ ò rí i pé iyì aláìsàn ni wọ́n ń dáàbò bò.

Àwọn kan nínú wa a máa mú Ibn Taymiyyah, tó kú ní 1328, ṣe ẹ̀rí pé ó fi igi na ẹni tí àlùjọ̀nnú wọ̀. Lóòótọ́, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Ibn al-Qayyim, kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àáfà kan kì í ṣe sunna. Ní Aro, l'Ábẹ́òkúta, láti 1954 ni Dókítà Lambo ti ń tọ́jú alárùn ọpọlọ láàárín ará abúlé, tẹbí tará wọn lọ́dọ̀ wọn, tó sì ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́. Kò sí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ níbẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá 2019, ọlọ́pàá wọ ilé kan ní Ọjọ́ọ̀, n'Ìbàdàn, tí wọ́n ń pè ní ilé ìtọ́jú lọ́nà Ìsìláàmù. Èèyàn 259 tí wọ́n tì mọ́lé ni wọ́n kó jáde. Ẹbí wọn ló fọwọ́ ara wọn mú àwọn kan níbẹ̀ lọ.