Iṣẹ́ Ló Yẹ Ká Tún Ṣe: Ìtàn Ìmọ̀ Ẹnjiníà Tó Ń Wo Bí Ènìyàn Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Ní ọdún 1885, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 17 kan tó ń jẹ́ Frank Gilbreth bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà ní ìlú Boston, ní Amẹ́ríkà. Kò pẹ́ tó fi rí i pé ọwọ́ àwọn ọ̀gá tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ kò dọ́gba. Èyí tó tún yà á lẹ́nu jù ni pé ọ̀gá kan ṣoṣo a máa ní ọ̀nà mẹ́ta: ọ̀nà tó ń gbà to bíríkì nígbà tí kò bá kánjú, èyí tó ń lò nígbà tó bá ń sáré iṣẹ́, àti èyí tó fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́. Ọmọ náà wá ń bi ara rẹ̀ pé, èwo gan-an ló tọ̀nà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ìbéèrè yìí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ títí ó fi kú. Ó wà lára ohun tó bí ìmọ̀ ẹnjiníà tí wọ́n ń pè ní industrial engineering, ìmọ̀ tí kì í kọ́ afárá, tí kì í sì í ṣe ẹ́ńjìnnì, àmọ́ tó ń wo bí iṣẹ́ ṣe ń kọjá láti ọwọ́ ẹnì kan dé ọwọ́ ẹlòmíràn.

Gilbreth wo iṣẹ́ bíríkìlà dáadáa, ó sì rí ìyà kan tó ti mọ́ gbogbo wọn lára. Ẹ̀bá ẹsẹ̀ òṣìṣẹ́ ni wọ́n máa ń da bíríkì sí, lórí pákó tó dúró lé. Bó bá fẹ́ mú ọ̀kan, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á tún nàró. Bíríkì náà kò tó kìló mẹ́ta, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ni bíríkìlà ń gbé. Ó ń gbé orí, àyà, èjìká àti apá ara rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó bá to ẹgbẹ̀rún bíríkì lóòjọ́ ti gbé ara rẹ̀ nílẹ̀ lẹ́ẹ̀ẹ̀gbẹ̀rún. Ká má wulẹ̀ jìnnà, a rí irú èyí níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé ládùúgbò wa títí dòní. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí mò ń sọ, kó wo bí bíríkìlà ṣe ń fọwọ́ lé ìbàdí kó tó nàró lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́.

Gilbreth ṣe pákó kan tí wọ́n lè máa gbé sókè bí ògiri bá ṣe ń ga, ó sì kan tábìlì mọ́ ọn kí bíríkì àti àpòpọ̀ sìmẹ́ǹtì lè wà níbi tí ọwọ́ òṣìṣẹ́ ti lè tó wọn láìbẹ̀rẹ̀. Ó ní kí lébìrà kọ́kọ́ to bíríkì sórí férémù igi, kí ojú tó dára jù lọ wà níbi tó yẹ, kí bíríkìlà má baà máa yí i síwá-sẹ́yìn lọ́wọ́. Ó ní kí wọ́n po àpòpọ̀ náà kó rọ̀ níwọ̀n, débi pé ọwọ́ lásán á lè tẹ bíríkì sáàyè rẹ̀ láìfi irin gbá a. Ìgbésẹ̀ 18 tí wọ́n ń gbé lórí bíríkì kan wá dín kù sí 5, níbòmíràn ó tiẹ̀ kéré sí i. Frederick Taylor kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1911 pé bíríkìlà tó ń to 120 ní wákàtí kan wá ń to 350 lábẹ́ ètò yìí.

Ohun tó wù mí jù nínú ìtàn yìí ni pé kò síbi tí Gilbreth ti pe bíríkìlà ní ọ̀lẹ. Tábìlì ló gbé sókè.

Taylor fúnra rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní baba ìmọ̀ yìí, ó sì ní ohun gidi tó ṣe. Ní ilé iṣẹ́ irin Bethlehem ní Amẹ́ríkà, ó rí àwọn tó ń fi ṣọ́bìrì kan náà kó òkúta irin tó wúwo àti èédú tó fúyẹ́. Ó dán an wò títí ó fi rí i pé ẹrù bíi kìló mẹ́sàn-án ààbọ̀ lórí ṣọ́bìrì ni òṣìṣẹ́ lè kó fún ọjọ́ gbọọrọ láìdákú. Wọ́n wá ṣe ṣọ́bìrì kékeré fún ohun tó wúwo, èyí tó fẹ̀ fún ohun tó fúyẹ́. Ibi tí mo ti yapa sí Taylor ni aago rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ a máa dúró ti òṣìṣẹ́ pẹ̀lú aago ìkà-ìṣẹ́jú lọ́wọ́, bí ẹni ń ṣọ́ olè. Ní oṣù Ògún ọdún 1911, àwọn tó ń yọ́ irin ní ilé ìṣe-ohun-ìjà ìjọba ní Watertown dá iṣẹ́ dúró nítorí aago yẹn. Ilé aṣòfin Amẹ́ríkà wádìí ọ̀rọ̀ náà, nígbà tó sì yá, wọ́n fòfin de lílo aago lára òṣìṣẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ ohun ìjà ìjọba. Ẹ̀tọ́ àwọn òṣìṣẹ́ yẹn ni. Ẹni tí ìmọ̀ kò bá bi léèrè ohun tó ń dùn ún, kò sí bí kò ṣe ní kórìíra ìmọ̀ náà.

Ìyàwó Gilbreth, Lillian, ló rí apá yìí kedere jù. Nígbà tó kọ ìwé lórí ìbátan ìṣàkóso iṣẹ́ àti ọkàn ènìyàn ní 1914, L. M. ni wọ́n fi síwájú orúkọ rẹ̀, kí òǹkàwé má baà mọ̀ pé obìnrin ni. Òun àti ọkọ rẹ̀ jọ ń fi kámẹ́rà ya ọwọ́ òṣìṣẹ́, wọ́n sì ya àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ pẹ̀lú. Wọ́n rí i pé dókítà ń fi àsìkò púpọ̀ wá irinṣẹ́ nígbà tí aláìsàn wà lórí tábìlì. Gilbreth wá dábàá pé kí nọ́ọ̀sì máa gbé irinṣẹ́ lé dókítà lọ́wọ́ bó bá ti pè é.

Frank kú lójijì ní oṣù Òkúdù ọdún 1924, ó sì fi ọmọ mọ́kànlá sílẹ̀ fún Lillian. Àwọn oníbàárà ọkọ rẹ̀ kan kò fẹ́ kí obìnrin wá máa sọ bí wọ́n ṣe máa ṣètò ilé iṣẹ́ wọn. Ó bá gba ọ̀nà ilé ìdáná. Ó fọ̀rọ̀ wá àwọn obìnrin tó lé ní 4,000 lẹ́nu wò kó tó dá iye tó yẹ kí síǹkì àti sítóòfù ga. Àwọn pẹpẹ inú ilẹ̀kùn fíríìjì àti garawa ìdalẹ̀nù tí a ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kó ṣí, òun ni wọ́n sọ pé ó wà nídìí wọn.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀rọ̀ náà di ti ikú àti ìyè. Àwọn bàálù ogun B-17 á ti balẹ̀ láyọ̀, awakọ̀ á wá fa ẹsẹ̀ bàálù náà wọlé, ọkọ̀ á sì fi ikùn lélẹ̀. Wọ́n ní àṣìṣe awakọ̀ ni. Alphonse Chapanis, onímọ̀ nípa ìṣesí ènìyàn, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó wo iwájú ìjókòó awakọ̀, ó sì bá ọwọ́ méjì tó jọra níbẹ̀, tí wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: ọ̀kan ti ẹsẹ̀ bàálù, èkejì ti apá kékeré tó wà lẹ́yìn ìyẹ́. Ẹni tó ti rẹ̀, tó ń bọ̀ láti ojú ogun, báwo ni kò ṣe ní mú èyí tí kì í ṣe é? Chapanis fi táyà rọ́bà kékeré sórí ti ẹsẹ̀ bàálù, ó sì fún èkejì ní ìrísí ìyẹ́. Ọwọ́ awakọ̀ á mọ ìyàtọ̀ kí ojú tó dé ibẹ̀. Títí dòní, ọwọ́ tí wọ́n fi ń gbé ẹsẹ̀ bàálù sókè ṣì jọ táyà.

Àwọn ará Japan gbé èrò pé iṣẹ́ ló yẹ ká tún ṣe yìí jìnnà, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ kí ogun náà tó dé. Ní 1924, Sakichi Toyoda ṣe ẹ̀rọ ìhunṣọ tó ń dá ara rẹ̀ dúró bí òwú bá já, ohun tí ahunṣọ òfì ní Ìṣẹ́yìn ń fi ojú ara rẹ̀ ṣọ́. Nígbà tí Taiichi Ohno ń ṣètò iṣẹ́ ní Toyota, ó fún òṣìṣẹ́ láṣẹ láti dá gbogbo ìlà iṣẹ́ dúró bó bá rí àbùkù. Sùpámákẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà ló sì ti mú ọgbọ́n ìkẹ́rù rẹ̀: ohun tí oníbàárà bá mú kúrò lórí pẹpẹ nìkan ni kí wọ́n fi òmíràn rọ́pò.

Ìtàn ti ẹrù ojú omi kò gùn. Ní ọjọ́ 26, oṣù Igbe, ọdún 1956, ọkọ̀ Ideal-X ti Malcom McLean gbé kọ̀nténà 58 láti Newark lọ sí Houston, bẹ́ẹ̀ ni gbígbé àpò kọ̀ọ̀kan lórí ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kásẹ̀ nílẹ̀ ní èbúté kárí ayé, títí kan Àpápá.

Wọ́n ń kọ́ ìmọ̀ yìí ní Yunifásítì Ìbàdàn, ṣùgbọ́n kò dìgbà tí ènìyàn bá dé yunifásítì kó tó lò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ iṣẹ́, ìbáà ṣe télọ̀, oníbúrẹ́dì tàbí akọ̀wé báńkì, ẹ jọ̀wọ́, kẹ́ ẹ tó bínú pé ó ń falẹ̀, ẹ jókòó sórí àga rẹ̀ fún wákàtí kan, kẹ́ ẹ fi tábìlì rẹ̀ ṣiṣẹ́.