Bí a ṣe ń kó àwòrán inú fóònù sínú kọ̀ǹpútà

Lóde òní, bí wọ́n bá ń sọ ọmọ lórúkọ, bí wọ́n bá ń ṣe ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú àgbà, fóònù ni gbogbo ènìyàn fi ń ya àwòrán. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó jẹ́ pé àwòrán ìkẹyìn tí ìyá tàbí bàbá wọn yà kí ó tó dágbére fáyé, inú fóònù ẹyọ kan ṣoṣo ni ó wà. Fóònù ọ̀hún náà ni wọ́n ń gbé wọ ọkọ̀, òun ni wọ́n ń gbé lọ sọ́jà, òun ni àwọn ọmọdé fi ń ṣeré. Lọ́jọ́ tí olè bá yọ ọ́ lápò ẹni, tàbí tí ó bá já bọ́ sínú garawa omi, kì í ṣe owó tí wọ́n fi rà á ni ó máa ń dun ènìyàn jù. A lè ra fóònù mìíràn, ṣùgbọ́n kò sí ọjà tí wọ́n ti ń ta àwòrán ẹni tí ó ti kú.

Láyé àtijọ́, ayàwòrán ni ó ń bá wa tọ́jú nẹ́gẹ́tíìfù. Bí àwòrán ilé bá sọnù, a ó padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, yóò sì tún un tẹ̀. Òyìnbó kan tí ń jẹ́ Stephen Sprague, tí ó kọ̀wé ní ọdún 1978 nípa iṣẹ́ fọ́tò láàárín àwa Yorùbá, ṣàlàyé ohun kan tí ó rí ní Ìlá Ọ̀ràngún: bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú tí wọn kò sì tíì ya àwọn méjèèjì pọ̀, ayàwòrán yóò ya èyí tí ó kù, yóò sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan náà, kí ó lè dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn. Irú ọwọ́ tí àwọn bàbá wa fi mú àwòrán nìyẹn. Ní tiwa, kò sí ayàwòrán kankan tí ó ń bá wa tọ́jú nẹ́gẹ́tíìfù mọ́. Àwa fúnra wa ni a ó ṣe é, kọ̀ǹpútà sì ni ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ó yẹ kí a sọ pé fóònù àti kámẹ́rà kò tíì pẹ́ papọ̀. Ní ọjọ́ 11, oṣù kẹfà, ọdún 1997, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Philippe Kahn, nílùú Santa Cruz ní Amẹ́ríkà, so kámẹ́rà, fóònù àti kọ̀ǹpútà kékeré pọ̀, ó sì fi àwòrán ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní ọdún 2000, ilé iṣẹ́ Sharp gbé fóònù tí ó ní kámẹ́rà jáde ní Japan. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni fóònù GSM dé Nàìjíríà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí wáyà, nítorí òun ni ó yá jù, kì í sì í jẹ dátà. Níbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń kọ́kọ́ kọsẹ̀. Nínú wáyà USB tí ó pé, okùn tín-ín-rín méjì ni ó ń gbé iná, àwọn yòókù ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ àti àwòrán. Ọ̀pọ̀ wáyà olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà lójú títì ni ó jẹ́ pé ti iná nìkan ni ó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fi irú rẹ̀ so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, iná yóò máa wọlé, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò ní mọ̀ pé fóònù kankan wà níbẹ̀. Ẹ má tíì sọ pé fóònù ti bàjẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wá wáyà mìíràn, ó sàn kí ó jẹ́ èyí tí ó bá fóònù náà wá láti inú páálí.

Bí ó bá jẹ́ fóònù Android ni ẹ ń lò, tí kọ̀ǹpútà yín sì jẹ́ ti Windows, ẹ so wọ́n pọ̀, kí ẹ sì ṣí fóònù náà sílẹ̀ bí ẹ bá ti fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tì í pa. Láti nǹkan bí ọdún 2015 ni ọ̀pọ̀ fóònù kì í ti í dá ṣí ara wọn fún kọ̀ǹpútà mọ́: iná nìkan ni wọn yóò máa gbà títí tí ẹ ó fi pàṣẹ fún wọn. Ẹ fi ìka fa òkè ojú fóònù wálẹ̀, ẹ ó rí ìkéde kan tí ó sọ̀rọ̀ nípa USB. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì yan File transfer. Lórí àwọn fóònù kan, Transferring files ni wọ́n kọ síbẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ sí orí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí This PC, ẹ ó rí orúkọ fóònù yín níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn fi fíláàṣì sí i. Ẹ wọ inú rẹ̀, ẹ ṣí Internal storage, kí ẹ wá fódà tí ń jẹ́ DCIM.

Orúkọ yìí máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Àwọn tí ń ṣe kámẹ́rà ní Japan ni wọ́n fẹnu kò lé e lórí ní ọdún 1998, kí kámẹ́rà ilé iṣẹ́ èyíkéyìí lè máa kó àwòrán sí ibi kan náà. Nígbà tí fóònù di kámẹ́rà, ó jogún rẹ̀. Inú DCIM ni ẹ ó ti rí fódà Camera, níbi tí àwòrán tí ẹ fọwọ́ ara yín yà wà. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé gbogbo àwòrán inú fóònù wà níbẹ̀ o. Èyí tí àwọn ará ilé fi ránṣẹ́ láti orí WhatsApp wà níbòmíràn pátápátá. Lórí àwọn Android tuntun, ẹ ó wọ fódà Android, láti ibẹ̀ ẹ ó wọ media, kí ẹ tó rí com.whatsapp, tí ẹ ó sì máa wọlé lọ títí ẹ ó fi kan WhatsApp Images. Mo mọ̀ pé ọ̀nà náà jìn, ṣùgbọ́n níbẹ̀ gan-an ni àwòrán tí ẹ̀gbọ́n fi ránṣẹ́ láti London wà, ẹni tí kò bá sì mọ̀ yóò kó DCIM nìkan, yóò sì rò pé òun ti kó gbogbo rẹ̀ tán.

Bí ẹ bá ti rí fódà náà, ẹ ṣẹ̀dà rẹ̀ ni, ẹ má ṣe gé e. Copy ni kí ẹ yàn, kì í ṣe Cut. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Bí ẹ bá ní kí kọ̀ǹpútà gé àwòrán kúrò nínú fóònù, tí iná sì lọ láìròtẹ́lẹ̀, tàbí tí ọmọdé fẹsẹ̀ kọ́ wáyà, àwọn kan lè ti kúrò ní ibi àkọ́kọ́ láìjẹ́ pé wọ́n dé ibi kejì láìlábùkù. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀dà ni ẹ ń ṣe, èyí tí ó wà nínú fóònù kò yẹsẹ̀. Ẹ ó kàn tún un bẹ̀rẹ̀ ni. Nígbà tí ó bá parí, ẹ ka iye fáìlì tí ó wà nínú fódà méjèèjì bóyá wọ́n dọ́gba, kí ẹ sì ṣí bí mẹ́wàá nínú wọn wò, pàápàá fídíò, kí ẹ rí i pé wọ́n ṣiṣẹ́ dé òpin. Ìgbà yẹn ni ènìyàn tó lè máa pa nǹkan rẹ́ lórí fóònù.

Ti iPhone yàtọ̀ díẹ̀. Títí dé iPhone 14, wáyà Lightning ni wọ́n ń lò. Láti iPhone 15, tí ó jáde ní ọdún 2023, USB-C ni. Bí ẹ bá ti so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, fóònù náà yóò béèrè bóyá ẹ fọkàn tán kọ̀ǹpútà yìí. Ẹ tẹ Trust, kí ẹ sì tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ yín. Lórí Windows, ẹ ṣí ètò tí ń jẹ́ Photos, kí ẹ sì yan Import. Láti ọdún 2017 ni àwọn iPhone ti ń ya àwòrán ní irú ọ̀nà kan tí orúkọ fáìlì rẹ̀ máa ń parí sí HEIC. Kì í gba àyè púpọ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà mìíràn kò lè ṣí i, àwọn tí ń tẹ fọ́tò náà sì lè ní àwọn kò rí i. Bí ẹ bá lọ sí Settings, tí ẹ wọ Camera, tí ẹ sì yan Most Compatible lábẹ́ Formats, àwọn tí ẹ bá yà láti ìgbà náà lọ yóò di JPEG tí gbogbo ayé mọ̀. Ohun kan tún wà: bí iCloud bá ń bá yín dín àyè kù, àwòrán ńlá gan-an wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí ó kéré ni ó wà lọ́wọ́ yín. Wáyà kò lè kó ohun tí kò sí nínú fóònù.

Kọ̀ǹpútà Mac máa ń gba iPhone tọwọ́tẹsẹ̀ láti inú Image Capture tàbí Photos. Android ni kì í dá mọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ ní láti kọ́kọ́ wá ètò mìíràn sí i.

Àwọn kan yóò ní, ṣebí Bluetooth wà? Òótọ́ ni, ó sì dára fún àwòrán méjì tàbí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní àwòrán kọ̀ọ̀kan jẹ́ 4 MB, tí ẹ sì ní 2,000 nínú wọn. Bluetooth tí ó ń ṣe dáadáa lè gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 16 lórí ẹyọ kan. Bí a bá sọ ọ́ di 2,000, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 9. Ẹrù kan náà yìí, wáyà lásán lè má lò tó ogún ìṣẹ́jú lórí rẹ̀. Bí wáyà bá ṣòro rí, Quick Share sàn ju Bluetooth lọ. Ó ń lo Wi-Fi, ó ń ṣiṣẹ́ láàárín Android àti Windows, kì í sì í jẹ dátà.

Google Photos ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́kàn lé. Ó wúlò, nítorí bí fóònù bá tilẹ̀ sọnù lónìí, ẹ lè ṣí i lórí kọ̀ǹpútà èyíkéyìí kí ẹ sì gba àwòrán yín padà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 1, oṣù kẹfà, ọdún 2021, àyè ọ̀fẹ́ tí kò lópin ti dópin. 15 GB ni ó kù, ẹ ó sì pín in pẹ̀lú lẹ́tà Gmail yín. Bí ó bá ti kún, àwòrán tuntun kò ní wọlé mọ́, ẹni tí kì í ka ìkéde kò sì ní mọ̀. Èyí tí ó burú jù ni ti àwọn tí wọ́n rò pé bí àwọn bá pa àwòrán rẹ́ lórí fóònù, tí orí íntánẹ́ẹ̀tì yóò ṣì wà. Bí ẹ bá pa á rẹ́ láti inú Google Photos, ibi méjèèjì ni ó ti ń kúrò, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ti iCloud. Tí ẹ bá tètè mọ̀, ẹ ṣì lè rí i padà nínú àwókù rẹ̀: Google ń fi àwọn tí ó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pamọ́ fún ọjọ́ 60, Apple fún ọjọ́ 30.

Ní ti WhatsApp, bí ẹ bá fi àwòrán ránṣẹ́ sí ara yín láti gbà á lórí kọ̀ǹpútà, yóò dé, ṣùgbọ́n yóò ti rù. WhatsApp máa ń fún un pọ̀ kí ó lè yára lọ, ó sì máa ń yọ ọjọ́ àti ibi tí a ti yà á kúrò lára rẹ̀. Lójú fóònù ẹ kò ní mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ tóbi fún ìrántí olóògbé ni ẹ ó rí i pé ojú rẹ̀ ti ṣú. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí Document, yóò dé bí ó ṣe wà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò ní kọ̀ǹpútà nílé, tí ó jẹ́ pé kàfé tàbí ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń gbé e lọ. Ẹ má ṣe fi fóònù tí a ti ṣí sílẹ̀ lélẹ̀ fún ẹlòmíràn kí ẹ sì jáde lọ. Gbogbo ohun tí ẹ yà ni ó lè rí, ó sì lè ṣẹ̀dà rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ẹ jókòó tì í, ẹ kó o sórí fíláàṣì tiyín, kí ẹ sì rí i pé ó pa èyí tí ó kù sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ rẹ́. Fíláàṣì tí ó ti kàfé dé, ẹ fi ètò agbógunti kòkòrò yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó ṣí ohunkóhun nínú rẹ̀.

Fóònù tí ojú rẹ̀ fọ́ ńkọ́? Kọ̀ǹpútà kò lè rí inú rẹ̀ títí ẹ ó fi ṣí i, ẹ kò sì lè ṣí ohun tí ẹ kò lè fọwọ́ kàn. Bí iná ojú rẹ̀ bá ṣì ń tàn, tí ó jẹ́ pé kò gbọ́ ìfọwọ́kàn nìkan ni, ọ̀pọ̀ Android máa ń gba eku kọ̀ǹpútà láti ẹnu ìhò tí a fi ń gba iná, bí a bá fi ìsopọ̀ kékeré kan sí i. Eku náà ni ẹ ó fi tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ yín. Bí ó bá ti ṣókùnkùn pátápátá, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ ojú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní òun yóò fọ̀ ọ́ nù kí ó lè ṣí, ẹ gba fóònù yín lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí fífọ̀ náà ni yóò pa àwòrán ọ̀hún rẹ́.

Nígbà tí àwòrán bá ti dé inú kọ̀ǹpútà, ẹ fi ọdún, oṣù àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sọ fódà kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Kọ̀ǹpútà náà lè bàjẹ́, olè sì lè gbé e, nítorí náà ẹ ṣe ẹ̀dà mìíràn sórí háàdì díìsìkì tí a ń so mọ́ ọn láti ìta, kí ẹ sì fi í sí ilé mìíràn, bóyá lọ́dọ̀ àbúrò tàbí ọmọ yín àgbà. Bí kọ̀ǹpútà bá kọ̀ láti gbé fídíò gígùn kan sórí fíláàṣì bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àyè wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé FAT32 ni wọ́n fi tò ó, èyí tí kì í gba fáìlì kan tí ó bá tó 4 GB. Ẹ kó ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kúrò ná, kí ẹ tún un tò sí exFAT, yóò sì gbà á.