Bí Facebook Ṣe Di Akéde

Ìtàn tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kò tíì gbó púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa tó wà ní yunifásítì ní College Park àti ní Bowie State ní ọdún 2006 yóò rántí rẹ̀.

Nígbà náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń lo Facebook. Kálukú ní ojú ewé tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe wà ní láti lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, bí ẹni lọ kí ènìyàn nílé. Ní ọjọ́ 5 oṣù September, wọ́n ṣí i, wọ́n bá ohun tuntun tí wọ́n pè ní News Feed. Ta ló bá ta dọ́rẹ̀ẹ́, ta ló já olólùfẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ta ló gbé fọ́tò tuntun síta: gbogbo rẹ̀ ni wọ́n tò sílẹ̀ pẹ̀lú àkókò tó ṣẹlẹ̀. Kò sí ẹni tó bi wọ́n kí wọ́n tó ṣe é.

Ariwo ta. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Northwestern dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí Facebook kan náà láti takò ó. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn tó wọ ẹgbẹ́ náà ti ju 700,000 lọ, nígbà tí gbogbo àwọn tó ń lo Facebook kò tíì pé mílíọ̀nù mẹ́wàá. Èyí tó pa wá lẹ́rìn-ín ni pé News Feed fúnra rẹ̀ ló polongo ìjà náà: bí ẹnìkan bá ti wọ ẹgbẹ́, ó ti sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Èsì ilé-iṣẹ́ náà ni pé àwọn kò tú àṣírí ẹnikẹ́ni; àwọn tó lè rí ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀ náà ló ń rí i. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó wà ní àgbàlá ẹni, tí àlejò lè rí, kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ohun tí akéde fi agogo kéde káàkiri ìlú. Àwọn ọmọ tí kò gbọ́ agogo akéde rí ló mọ ìyàtọ̀ yìí!

Ní ọjọ́ 8, Mark Zuckerberg tọrọ àforíjì, ó sì jẹ́ kí kálukú lè yan ohun tí wọn kò ní kéde nípa òun. Wọn kò mú News Feed kúrò. Nígbà tó di ọjọ́ 26, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọmọ ọdún 13. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni àwa òbí wọlé, a bá akéde níbẹ̀, a sì rò pé bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn. Àwa náà jẹ àǹfààní rẹ̀, nítorí a ń jókòó sí Maryland níbí rí ìkómọ àti ìgbéyàwó àwọn ará ilé.

Ti ikú ló ṣòro. Nílé, a kì í ṣàdédé túfọ̀. Níbí náà, bí ìpè bá dé láti Nàìjíríà, àgbà kan ni wọ́n ń kọ́kọ́ sọ fún. Òun á mú ẹni méjì dání, wọn á lọ jókòó ti ọlọ́fọ̀ kí wọ́n tó la ẹnu. Ní ọdún tó kọjá, kí àwọn mẹ́ta tí a rán sí ìyá kan ní Lanham tó dé ilé rẹ̀, ọmọ ẹbí kan ti gbé fọ́tò ẹ̀gbọ́n ìyá náà síta láti Ìbàdàn, ó kọ “sùn re o” sí i lábẹ́. Orí ìlà tí ó tò láti sanwó ọjà ni ìyá ti kà á, òun nìkan. Àwọn tí a rán ṣì wà lójú ọ̀nà, ní Annapolis Road.