EPNS lẹ́yìn ṣíbí

Lẹ́tà mẹ́rin yìí, EPNS, wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ṣíbí, fọ́ọ̀kì àti ìkòkò tíì tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé Ọbabìnrin Victoria. Ẹni tó ń kó ohun èlò àtijọ́ jọ lè rí lẹ́tà tó gbẹ̀yìn, tó dúró fún silver, kó sì gbà pé fàdákà ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Electroplated nickel silver ni gbogbo rẹ̀, nickel silver fúnra rẹ̀ kò sì ní fàdákà kankan nínú: bàbà, níkẹ́lì àti síńkì ni wọ́n yọ́ pọ̀. Funfun tó funfun ló sọ ọ́ lórúkọ. Fàdákà tó wà níbẹ̀ kò ju ìpele fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi iná mànàmáná bò ó lọ, iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ Elkington ní Birmingham gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́dún 1840.

Ẹnìkan lè ní fàdákà lojú rí, fàdákà lọwọ́ kàn, kí ló tún kù? Ohun tó kù ni pé fífọ̀ àti nínù lemọ́lemọ́ máa ń jẹ ìpele náà, tí irin abẹ́ rẹ̀ á fi yọ síta létí ṣíbí. Ti sterling yàtọ̀: 925 nínú 1000 rẹ̀ ni fàdákà, láti òde dé inú. Àwòrán kìnnìún tó ń rìn ló ń jẹ́rìí sí i, pẹ̀lú àmì ìlú tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, ìdákọ̀ró fún Birmingham, orí ẹkùn fún London. Síbẹ̀, mi ò gbà pé kí a kó EPNS dànù. Òun ló jẹ́ kí ìdílé tí agbára wọn kò ká sterling lè tẹ́ tábìlì tó ń dán. Iṣẹ́ ọnà tí wọ́n fín sára rẹ̀ ni kí olùrà fi díwọ̀n owó rẹ̀, nítorí kò sí fàdákà tó tó yọ́ tà níbẹ̀.