Oníṣègùn tí Ibà Pọ́njú Pa ní Èkó

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ń kàwé, bí a bá dárúkọ akíkanjú ogun, ẹni tí ó gbé ìbọn ni í kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín nípa ẹni tí ó jẹ́ pé àrùn ni ó bá jagun. Adrian Stokes ni orúkọ rẹ̀. A bí i ní 1887. Trinity College ní ìlú Dublin ni ó ti kọ́ṣẹ́ ìṣègùn.

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, ó gbé alùpùpù rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Faransé, ó sì ń fi í kó ohun èlò ìwádìí káàkiri. Ẹ wo kòtò tí àwọn ọmọ-ogun ń sùn sí: omi, ẹrẹ̀, eku. Ní 1916, ibà gbé àwọn kan dè níbẹ̀, ẹyinjú wọn sì pọ́n rúsúrúsú. Stokes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí kòkòrò àrùn náà, tín-ín-rín, lílọ́ bí okùn. Wọ́n tún rí i lára eku inú kòtò.

Níbí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kan ilẹ̀ wa. Hideyo Noguchi, olókìkí olùwádìí, ti sọ pé irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ ni ó ń fa ibà pọ́njú. Ta ni yóò bá irú ọ̀mọ̀wé bẹ́ẹ̀ jiyàn, bí kò ṣe ẹni tí ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí kòkòrò náà? Stokes wá sí Èkó ní 1920. Ó tún padà wá ní 1927, bí ó tilẹ̀ ti di ọ̀jọ̀gbọ́n ní ilé ìwòsàn Guy's ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní Yaba ni òun pẹ̀lú Bauer àti Hudson ti ṣiṣẹ́. (Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ nípa ẹ̀fọn láìmọ̀ pé Yaba tiwa yìí ni ó ti ṣẹlẹ̀.)

Ní oṣù kẹfà ọdún náà, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ Asibi, ará Gold Coast tí í ṣe Ghana òde òní, ẹni tí ibà náà mú níwọ̀nba. Wọ́n gún un sára ọ̀bọ ilẹ̀ Íńdíà. Ọ̀bọ náà kú. Wọ́n sẹ́ ẹ̀jẹ̀ nínú asẹ́ tí ihò rẹ̀ kéré jọjọ, síbẹ̀ ohun tí ó jáde ṣì ń pa ọ̀bọ. Wọ́n wá kòkòrò Noguchi títí, wọn kò rí i. Fáírọ́ọ̀sì ni.

Ní àárín oṣù kẹsàn-án, ibà náà mú Stokes fúnra rẹ̀. Lórí àkéte àìsàn, ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ òun fún àwọn ọ̀bọ, kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀fọn mu lára òun, kí wọ́n sì la òkú òun yẹ̀ wò bí òun bá kú. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án 1927, ẹni 40 ọdún. Noguchi wá sí Accra láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ibà kan náà ni ó pa á ní 1928.

Asibi sàn ní tirẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n gbà lára rẹ̀ ni Max Theiler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ di aláìlágbára, tí wọ́n fi ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú ní 1937, èyí tí wọ́n ṣì ń gún fún wa títí di òní.